Àpótí egungun Titanoboa tí mo rà fún kíláàsì: egungun inú ẹ̀ dáa gan-an, ìwé inú ẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń kọ́ báyọ́lọ́jì, àti ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín fẹ́ràn ẹranko ayé àtijọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àpótí kan nípa Titanoboa, ejò ńlá ayé àtijọ́, tí mo ti ń lò nínú kíláàsì n'Íbàdàn láti tẹ́ẹ̀mù tó kọjá. Àbúrò mi tó wà ní Texas ló bá mi rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là 65, mi ò tíì ka owó tí wọ́n fi gbé e wálé mọ́ ọn o. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni oríkèé ọ̀pá-ẹ̀yìn Titanoboa kan tí wọ́n fi ike líle dà, oríkèé ti anaconda kan, ìyẹn ejò ńlá tó ṣì wà láyé lóde òní, aṣọ gbọọrọ tí wọ́n ya ejò náà sí bó ṣe gùn gẹ́lẹ́, àti ìwé pẹlẹbẹ kan.

Egungun yẹn gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ rà á, owó mi ò sì ṣòfò. Tẹ́ ẹ bá gbé ti anaconda sí àtẹ́lẹwọ́, ó máa jókòó síbẹ̀ wẹ́rẹ́, àyè á ṣì kù, ti Titanoboa máa kún ọwọ́ àgbàlagbà fọ́fọ́. Wọn ò sì fi iṣẹ́ ṣeré níbi tí wọ́n ti dà á, iwájú ẹ̀ jin kòtò, ẹ̀yìn ẹ̀ yọ róbótó, bí ti ejò ṣe rí náà nìyẹn, róbótó ìkan ló ń wọnú kòtò ìkejì tí gbogbo ara ẹ̀ fi ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún láìyẹ̀. Mo gbé méjèèjì fáwọn ọmọ kí n tó sọ ohunkóhun, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ pé nǹkan kan náà ni, ìkan kàn tóbi ju ìkan lọ ni. Ohun táwọn onímọ̀ fúnra wọn rí nìyẹn, torí ìdílé àwọn ejò tí wọ́n ń pè ní boa ni Titanoboa ti wá, ẹbí anaconda ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe rí i, torí ìwé inú àpótí kàn sáré kọjá ibẹ̀ ni. Ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ní Cerrejón, ní La Guajira lápá àríwá Colombia, ni àwọn egungun yìí ti wá, ọjọ́ orí wọn sì tó bíi mílíọ̀nù ọdún 58 sí 60. Wọ́n kó wọn lọ sí Yunifásítì Florida, wọ́n kọ ọ́ sára wọn pé ti ọ̀nì ni, ó di 2007 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tú ẹrù yẹn tó wò ó dáadáa pé ah, egungun ẹ̀yìn ejò lèyí o! Jonathan Bloch tó wà níbẹ̀ bá pe Jason Head tó mọ̀ nípa ejò, Carlos Jaramillo ti Smithsonian, iléeṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti Amẹ́ríkà, ní Panama náà wà lára wọn, nígbà tó di February 2009 wọ́n gbé e jáde nínú ìwé sáyẹ́ǹsì Nature, wọ́n sì sọ ọ́ ní Titanoboa cerrejonensis.

Ìbéèrè táwọn ọmọ máa ń bi mí jù ni pé báwo ni wọ́n ṣe mọ gígùn ejò tẹ́nì kankan ò rí lódindi. Ìdáhùn ẹ̀ wà nínú oríkèé yẹn náà. Oríkèé tó wà nítòsí ọrùn ejò ò rí bíi ti àárín, ti àárín ò sì rí bíi ti ìrù, tẹ́ ẹ bá ti fi wé ti àwọn boa tó ṣì wà láyé ẹ máa mọ ibi tó ti wá lára, lẹ́yìn náà ẹ wá ṣírò ẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí mítà 12.8 nìyẹn, àti kílò 1,135, àpò sìmẹ́ńtì 22 ò tíì wúwo tó o!

Aṣọ gbọọrọ yẹn, mo fi tépù wọ̀n ọ́n, ó pé. Kò lè gba inú kíláàsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la máa ń tẹ́ ẹ sí, àwọn ọmọ á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láti orí dé ìrù. Ṣùgbọ́n aṣọ ọ̀hún fẹ́lẹ́ jù, ọ̀dà ẹ̀ sì ti ń ṣí níbi tí wọ́n bá ti ń ká a, ó yẹ kí wọ́n ṣe é dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ fún owó yẹn.

Ó wá ku ìwé. Apá àkọ́kọ́ ẹ̀ dáa, bí ejò yẹn ṣe di ńlá, àlàyé ẹ̀ yé ọmọ. Ara ejò kì í dá mú ooru wá, ibi tó bá wà ló ti ń rí i gbà, torí náà ejò tó bá máa tóbi tó báyẹn gbọ́dọ̀ wà níbi tó gbóná gan-an. Head àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi ìwọ̀n ejò yẹn ṣírò pé ooru ibẹ̀ nígbà náà tó 30 sí 34 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ má sọ pé ọ̀sán Ìbàdàn náà máa ń dé 34 o, àròpín odidi ọdún la ń sọ, tọ̀sán tòru, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn onímọ̀ míì ta ko ìṣirò yẹn nínú Nature lọ́dún yẹn kan náà, ìwé ò sọ ìyẹn, àmọ́ ó sọ̀rọ̀ irà tó kún fún ẹja ńlá, ó sì sọ̀rọ̀ Carbonemys, ìjàpá omi tí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn tó mítà 1.72. Wọ́n wá ya Titanoboa níbi tó ti ń gbé ọ̀nì mì. Àwòrán yẹn ni gbogbo èèyàn fẹ́ràn, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí egungun orí Titanoboa, eyín tó wà níbẹ̀ sì fi hàn pé ẹja ló ṣeé ṣe kó máa jẹ jù.

Ibi tó bí mi nínú ni ojú ewé tó kẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé òkúta tó já láti ojú ọ̀run tó pa dáínósọ̀ ló pa Titanoboa náà. Irọ́ ni! Òkúta yẹn já sí Chicxulub ní Mexico ní mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn, Titanoboa ò sì dé àfi lẹ́yìn bíi mílíọ̀nù ọdún mẹ́fà ó kéré tán. Ìgbà tí dáínósọ̀ ti lọ tán, tí àyè ti ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíì láti di ọ̀gá, ni ejò yìí ráyè, ìwé yìí wá da ìtàn yẹn rú mọ́ ọmọ lórí pátápátá. Ọmọ tó bá ka ojú ewé yẹn máa gbé e lọ sínú ìdánwò.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò lórí ohun tó pa á. Èyí táwọn èèyàn máa ń sọ jù ni pé ayé tutù, ejò ńlá ò sì lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ní bíi mílíọ̀nù ọdún 56 sẹ́yìn ṣe layé tún gbóná sí i, torí náà ọ̀rọ̀ òtútù nìkan ò tó. Irà tó ń gbé náà ò sì dúró bó ṣe wà. Ohun tí mo wá máa ń fi kún un fáwọn ọmọ ni Vasuki indicus, ejò ńlá àtijọ́ míì tí wọ́n gbé jáde ní 2024, oríkèé 27 ni wọ́n rí níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ní Gujarat ní Íńdíà, ó ti tó bíi mílíọ̀nù ọdún 47, wọ́n sì fojú bù ú sí mítà 11 sí 15. Ìdílé ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti Titanoboa, ìyẹn ni pé ejò ńlá tún gbérí lẹ́yìn tí Titanoboa ti lọ. Nàìjíríà náà ní ejò àtijọ́ tiẹ̀, Palaeophis africanus, ejò inú omi, 1924 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Andrews kọ̀wé nípa oríkèé ẹ̀ tí wọ́n rí ní gúúsù níhìn-ín, ojú àwọn ọmọ máa ń là tí mo bá débẹ̀.

Máàkì mi: egungun 9 nínú 10, aṣọ 6, ìwé 3. Mo ti kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń tà á nípa ojú ewé yẹn, wọn ò tíì fèsì. Wọ́n máa ń ta oríkèé méjèèjì lọ́tọ̀ láìsí ìwé láìsí aṣọ, dọ́là 40, èyí ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé, torí owó ọkọ̀ òfuurufú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó ọjà lọ. Èyí tó bá ti ra odindi àpótí nínú yín, ẹ fa ojú ewé tó kẹ́yìn yẹn ya kẹ́ ẹ tó gbé e fọ́mọ.