Ẹ ṣọ́ra fún bátìrì lithium tí wọ́n fi àlòkù tò: ṣájà yín kọ́ ló bàjẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra bátìrì lithium onísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin (bátìrì kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n tò pọ̀ di ọ̀kan) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Oníṣòwò kan wà tó ń kó sẹ́ẹ̀lì àlòkù ọ̀kan-ò-jọ̀kan pọ̀, tó ń fi rọ́bà tuntun wé e, tó sì ń tà á ní tuntun. Bí ṣájà tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba bá kọ̀ ọ́, ohun kan ṣoṣo ló máa wí: "Ṣájà yín ló bàjẹ́, ẹ lọ ra òmíràn."

Irọ́ ni. Nígbà tí tèmi dé, 4.1 fóltì ni mítà kà lórí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó dọ́gba rẹ́gí. Ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì náà wà: lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti fún wọn níná kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, nítorí náà ojú lásán ò lè mọ èyí tó ti gbó. Mo lò ó títí iná rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ dáadáa. Mẹ́ta ṣì wà ní 3.7, ẹ̀kẹrin ti já sí 3.1. Nígbà tí mo gbé e padà sórí ṣájà, ẹ̀kẹrin yẹn náà ló kọ́kọ́ sáré dé 4.2, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti kún tán, tí àwọn yòókù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣájà dá iná dúró, ó ń pariwo.

Ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe. Iná díẹ̀díẹ̀ ni ṣájà ń fà kúrò lára sẹ́ẹ̀lì tó bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ kékeré nìkan ni ìyẹn lè tún ṣe. Sẹ́ẹ̀lì tí agbára rẹ̀ ti lọ, kò lè dá a padà, bí ife ò ṣe lè gba omi garawa. Tó bá sì ń rọ iná sí i kọjá 4.2, ó lè wú, ó lè gbiná.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ṣájà lẹ́bi? Pọ́lọ́ọ̀gì kékeré tó wà lára bátìrì náà ní wáyà 5. Ẹ fi mítà wọn ìkíní sí ìkejì, ìkejì sí ìkẹta, títí dé òpin, kí ẹ wá wo ohun tí ojú ṣájà kọ. Tí wọ́n bá bára mu, bátìrì ni. Tí mítà bá ní gbogbo wọn dọ́gba àmọ́ tí ṣájà ní ọ̀kan kéré, ẹ yẹ wáyà àti pọ́lọ́ọ̀gì wò, kí ẹ sì fi bátìrì mìíràn tó dáa dán ṣájà wò.

Oníṣòwò yìí tún ní kí n yí ṣájà sí ti bátìrì nickel kó lè wọlé tipátipá. Ẹ má ṣe é láéláé! Ní ipò yẹn, ṣájà ò ní máa ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kankan, kò sì ní dúró ní 4.2.

Nígbà tó kọ̀ láti dá owó padà, mo tú rọ́bà náà. Àpá ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ ọn rí wà lábẹ́ èyí tuntun. Wọ́n kọ 9,900 mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbà) sára àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, tí wọ́n jẹ́ irú roboto tí wọ́n ń pè ní 18650, bẹ́ẹ̀ ojúlówó tó wọ́pọ̀ kì í ju bíi 3,600 lọ.

Tí ẹ bá ti rà á, ẹ má tíì tú u o. Ẹ ya fọ́tò ojú ṣájà àti ti mítà pa pọ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ibi tí ẹ gbà sanwó kí àkókò ìdápadà tó kọjá. Àwòrán ọjà kan náà ti tún jáde lábẹ́ orúkọ mìíràn báyìí.