Tẹlisíkóòpù mìlímítà 130 lórí odó ìyá mi

Ẹ má wo àwòrán ara páálí tẹlisíkóòpù yìí o, ẹ̀rọ ìwo-ìràwọ̀ tí díńgí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 130. Pupa bí osùn àti àlùkò tí wọ́n yà síbẹ̀, kámẹ́rà ló rí i. Ojú èèyàn kì í dá àwọ̀ mọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ṣú tó bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá tí mo kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ nẹ́búlà Orion, M42, ìyẹn ìkùukùu gáàsì àti eruku láàárín ìràwọ̀, èéfín ìdáná ni mo rí, aláwọ̀ eérú, tó dúró sójú kan. Inú bí mi. Mo sáà tún fojú sí i, mo mú sùúrù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni ìràwọ̀ mẹ́rin bá yọ láàárín èéfín náà, bí ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kan. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti sọ pé màá tà á mọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ló fi ránṣẹ́ láti London. Awò ojú méjì, awò kéékèèké tí à ń fojú sí lára ẹ̀rọ náà, ló bá a wá. Èyí tí wọ́n kọ 25 sí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 26, òun ni kí ẹ máa lò. Ti 10 ń fi ìlọ́po 65 hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìràwọ̀ tó bá bọ́ sí etí rẹ̀ ló ń hu ìrù. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà kúrú, orí tábìlì ni wọ́n ṣe é fún, tábìlì tiwa sì ń mì. Odó ìyá mi tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ ló kó mi yọ. Odó kì í mì, àfi bí iná bá lọ tí aládùúgbò tan jẹnẹrétọ̀: gbogbo ojú ọ̀run á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ tí iná fi lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò tíì dún, háà!

Ìyá mi fojú sí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ M45, ó ní, “Adìyẹ tó kó ọmọ lẹ́yìn rèé.” Orúkọ tí àwọn Hausa ń pè é gan-an nìyẹn, kò sì gbọ́ Hausa.

Ẹ ṣọ́ra fún eruku ọyẹ́. Mo fi áńkáṣíìfù nu díńgí inú rẹ̀, ó fi ìlà sí i lára, ẹ̀bi mi ni. Ẹ fi nǹkan fẹ́ ẹ lásán. Ọyẹ́ tilẹ̀ ń bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn òjò oṣù Kẹrin ni ojú ọ̀run mọ́ jù. Ìgbà yẹn ni mo rí Omega Centauri ní apá gúúsù, ìràwọ̀ bíi mílíọ̀nù 10 tó ṣù pọ̀. Ní ìlọ́po 65, etí rẹ̀ dà bíi gààrí tó fọ́n sórí aṣọ dúdú. Kì í yọ ní London rárá, ìyẹn ló ń dun àbúrò mi. Ó ní òun ń bọ̀ wálé ní oṣù Kẹrin ọdún tó ń bọ̀. Mo ti ní kó mú awò ojú 6 tó dáa dání.