Báínókúlà 8x42 nínú Igbó Ọmọ àti lórí pápá: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn àsìkò ẹyẹ méjì

Ẹni tó bá fẹ́ ra báínókúlà, awò olójú méjì tó ń mú ohun ọ̀ọ́kán súnmọ́ni, fún ẹyẹ wíwò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, kó má jẹ́ kí ọlọ́jà fi nọ́ńbà ńlá tan òun. Èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 20 kò wúlò lábẹ́ igi. 8x42 olówó pọ́ọ́kú ni mo ń lò, láti oṣù Kẹsàn-án tí ẹyẹ Yúróòpù ń wọlé títí di oṣù Kẹta tí wọ́n ń múra àtipadà.

8 ni iye ìgbà tó ń mú ẹyẹ súnmọ́ni. 42 ni fífẹ̀ dígí iwájú ní mìlímítà. Ẹ pín 42 sí ọ̀nà 8, ẹ ó rí 5.25: fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú nìyẹn. 10x25 kékeré tó kún ọjà, 2.5 péré ló ń fúnni. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, níbi tí ewé igi ti bo ojú ọ̀run, 10x25 á sọ gbogbo ẹyẹ di dúdú. 8x42 á fi ìyeyè àyà wọn hàn.

Ẹ tò ó kí ẹ tó jáde nílé, torí ọ̀pọ̀ tó ń ráhùn pé orí ń fọ́ àwọn kò fọwọ́ kan òrùka abẹ́ ojú ọ̀tún rí. Ẹ tẹ apá méjèèjì súnmọ́ra títí òbìrí méjì á fi di ẹyọ kan. Ẹ wo pátákó tó ní lẹ́tà, ní bíi mítà 20. Ẹ bo dígí ọ̀tún, kí ẹ yí kẹ̀kẹ́ àárín títí lẹ́tà á fi mọ́ kedere lójú òsì. Ẹ wá bo òsì, ẹ má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ mọ́. Òrùka ọ̀tún ni kí ẹ yí. Ẹ fi báírò sàmì síbi tó dúró sí: ti èmi ń yí fúnra rẹ̀ nínú àpò. Ẹni tó ń lo awò ojú, kó yí rọ́bà ojú wálẹ̀ pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibi tí á máa rí nínú rẹ̀ á kéré gan-an.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá tó burú jù. Èyí tí wọ́n dí pa, tí gáàsì náítírójìn wà nínú rẹ̀, ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹ́síì ń fẹ́, ìrì á bo dígí. Ẹ má nù ún, á gbẹ ní bíi ìṣẹ́jú 10. Bó bá jẹ́ inú ni ìrì wà, omi ti rí ọ̀nà wọlé nìyẹn, ẹ dá a padà. Ike oníderí ni mo ń tọ́jú ti èmi sí, pẹ̀lú àpò sílíkà tó ń fa ọ̀rinrin, 2 tàbí 3. Bó bá pẹ́ nínú àpò aláwọ tó bá a wá nígbà òjò, dígí á bu bíi búrẹ́dì, á sì jẹ ọ̀dà ara rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ fẹ́ eruku kúrò kí ẹ tó fi aṣọ dígí nù ún. Ẹ má fi etí ìró nù ún, á ha á.

Àbùkù rẹ̀ tó dùn mí jù: bí ojú ọ̀run funfun bá wà lẹ́yìn ẹyẹ, ìlà elése àlùkò á yí i ká. Bẹ́ẹ̀ òkè téńté igi gan-an ni àwọn kéékèèké láti Yúróòpù ti ń jẹ kòkòrò, wọ́n á dara pọ̀ mọ́ ọ̀wọ́ ẹyẹ ilẹ̀ wa. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ náà lọ́ra. Ẹ ti tò ó sí mítà 15 sílẹ̀, kí ẹ má gbójú kúrò lára ẹyẹ bí ẹ ṣe ń gbé awò bọ̀. Igbó Ọmọ, tí àjọ UNESCO fi sínú ìwé àwọn ibi ìpamọ́ ẹ̀dá ní 1977, kì í ṣe ibi àyàwọ̀: ẹ gba àṣẹ, kí ẹ bá ẹ̀ṣọ́ lọ, erin wà níbẹ̀.

Lórí pápá, n kò rí àléébù kankan. Ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, ẹ wá pápá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé koríko rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Ẹyẹ tẹ́ẹ́rẹ́ aláyà ìyeyè tó ń ju ìrù sókè sódò láàárín lékeléke, àlejò ni. Ẹ wo alápàándẹ̀dẹ̀ orí wáyà iná pẹ̀lú: èyí tó ní ọ̀fun pupa, tí ìgbànú dúdú fífẹ̀ gba àyà rẹ̀ kọjá láì já, Yúróòpù ló ti wá, èyí tí pupa rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé àyà, tí ìlà dúdú rẹ̀ tín-ín-rín, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ní mítà 30, awò yìí fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere.

Okùn ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Lẹ́yìn wákàtí 2 á ti gé ọrùn. Okùn tó gba èjìká méjèèjì kọjá ló dára.