Abẹ́rẹ́ inú kókó àbí ti ojú iṣan?

Bí ẹ bá bi mí, inú kókó jẹjẹrẹ gan-an ni kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ jíìnì (ìtọ́ni tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì á ṣe) sí, bí ọwọ́ bá ṣáà lè tó o. Bí oògùn Imlygic ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2015 fún jẹjẹrẹ awọ ara. Fáírọ́ọ̀sì tó ń mú egbò jáde létí ẹnu ni wọ́n tún ṣe, tí wọ́n wá ki jíìnì tó ń pe àwọn sójà ara sínú rẹ̀. Á máa pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ títí sẹ́ẹ̀lì náà á fi bẹ́.

Ti ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ dùn létí, torí ó lè lé jẹjẹrẹ tó ti fọ́n ká. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ ló máa ń gba èyí tó pọ̀ jù, bí ẹrù Òmù-Àrán tí awakọ̀ já sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Bí ara bá sì ti mọ fáírọ́ọ̀sì náà rí, á mú un lọ́nà. Àwọn kan ń fi ọ̀rá wínníwínní wé jíìnì dípò fáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀dọ̀ ṣì ń fà á.

“Ẹ̀gbọ́n, tó bá wà nínú ikùn ńkọ́?” Wọ́n lè fi àwòrán sikáànù tọ́ abẹ́rẹ́ débẹ̀ nígbà mìíràn. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni fíríìjì: Imlygic ń fẹ́ òtútù tó tó ìwọ̀n 70 Sẹ́síọ́ọ̀sì sísàlẹ̀ òdo, iná Ìlọrin yìí náà sì nìyí.