Aṣọ Bayeux lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi àwòrán Aṣọ Bayeux kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 13 ní ìtàn Yúróòpù ti Sànmánì Àárín. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Bayeux ní ilẹ̀ Faransé ló gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, aṣọ náà wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, èèyàn sì lè fà á súnmọ́ra títí táá fi máa rí òwú. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i fún yín.

Ìwé kan ni mò ń lò tẹ́lẹ̀. Ojú ewé kan péré ló fún ọdún 1066: William, olórí Normandy ní ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun Harold ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Hastings ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá, wọ́n sì dé e ládé lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ó parí. Àwọn ọmọ á há a sórí, wọ́n á pọ̀ ọ́ sínú ìdánwò, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po gbogbo ẹ̀ á ti fò lọ. Ó máa ń dùn mí, torí mo mọ̀ pé ìtàn náà dùn.

Ìtàn yẹn gan-an ló wà lára Aṣọ Bayeux. Aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà 70, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdajì mítà. Wọn ò hun àwòrán náà mọ́ ọn o, abẹ́rẹ́ àti òwú irun àgùntàn ni wọ́n fi kóṣẹ́ sára aṣọ ọ̀gbọ̀. Kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, mo ní kí àwọn ọmọ fi okùn wọn mítà 70 jáde. A wọ̀n ọ́n títí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi tán, aṣọ ò tán. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé èèyàn mélòó ló jókòó ran irú nǹkan báyìí.

Edward, ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ṣáájú Harold, kú ní oṣù kìíní ọdún 1066, kò bímọ. Lórí aṣọ náà, ibi tí wọ́n ti ń gbé òkú rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣáájú ibi tó ti dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn tó ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò sọ fún wọn. Mo kàn gbé e sára ògiri, mo dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Mà, wọ́n ti ń lọ sin ín kó tó kú!" Ìṣẹ́jú 20 gbáko ni wọ́n fi jiyàn bóyá àṣìṣe ni àbí ẹni tó ya á mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Látọjọ́ yẹn, wọn ò gba ohun tí aṣọ náà bá wí gbọ́ bẹ́ẹ̀ náà mọ́. Nígbà tá a dé ibi tí Harold ti na ọwọ́ méjèèjì lé àpótí egungun àwọn ẹni mímọ́, tó ń búra fún William, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló ní kí wọ́n ṣe aṣọ yìí. Mo sọ fún wọn pé èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé Odo ni, bíṣọ́ọ̀bù Bayeux, ọmọ ìyá William. Mi ò ní láti ṣàlàyé kankan kún un.

Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ìṣẹ́tí aṣọ náà. Àárín ni àwọn ọba àti ẹlẹ́ṣin wà. Ní ìsàlẹ̀, tínńtín, ẹ máa rí ẹni tó ń túlẹ̀, ẹni tó ń fúnrúgbìn, àti ẹnì kan tó ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ. Àwọn tó ń bọ́ gbogbo àwọn tó wà láàárín nìyẹn o, ìṣẹ́tí ni wọ́n fi wọ́n sí! Obìnrin ò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan wà tí mi ò lè gbàgbé: àwọn ọmọ ogun ń fi iná sílé, obìnrin kan dúró nísàlẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ẹ fà á súnmọ́ra dáadáa kẹ́ ẹ wo ọwọ́ méjèèjì yẹn. Ariwo kíláàsì mi kì í ṣe kékeré, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dákẹ́ sí.

Ohun tí ogun yẹn fi sílẹ̀ dòní ńkọ́? Ẹnu wa gan-an ni mo ti mú un. Mo kọ cow, sheep àti pig sápá kan pátákó, mo kọ beef, mutton àti pork sápá kejì. Ẹran tó ń jẹko ń jẹ́ orúkọ tí àwọn darandaran Gẹ̀ẹ́sì ń pè é; ó dórí tábìlì àwọn ọ̀gá tuntun, ó gba orúkọ Faransé. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló wá tú judge, jury àti prison jáde nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Lẹ́yìn náà la wo ìwé Domesday ti 1086, tí William fi ka ilẹ̀, màlúù àti ohun ìtúlẹ̀ ní ibi tó lé ní 13,000. Àwọn àgbẹ̀ inú ìṣẹ́tí ti di iye nínú ìwé ọba.

Mo fún àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí ní 9 nínú 10. Ẹ má fi fóònù kékeré wò ó, ojú á ro yín. Ẹ kọ́kọ́ dá wò ó tán, nítorí àwọn kan wà níhòòhò nínú ìṣẹ́tí, wọ́n sì ń bọ́ aṣọ lára òkú lápá ìparí. Ọdún bíi mélòó kan péré ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kò lè kọ́ wọn ní Magna Carta, ìwé àdéhùn ọba Gẹ̀ẹ́sì ti 1215, tàbí àjàkálẹ̀ àrùn tó dé Yúróòpù ní 1347; ẹ ṣì máa wá nǹkan míì fún ìyẹn. Ní ti ọfà tó wà lójú Harold níbi tó ti kú lójú ogun, ẹ má sọ ọ́ bíi pé ó dájú: àwọn àwòrán tí wọ́n yà láti ara aṣọ náà ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn ò rí bí ó ṣe rí báyìí níbẹ̀.

Ìparí aṣọ náà ti sọnù. Ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń sá lọ ló já sí. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fún wọn ni pé kí wọ́n ya èyí tó kù. Adé William ni ọ̀pọ̀ wọn yà. Ọmọbìnrin kan ya obìnrin yẹn àti ọmọ rẹ̀ sáàárín aṣọ, àwọn méjèèjì ń bo ilé wọn, ó sì fi ọba sí ìṣẹ́tí. Látìn ni ọ̀rọ̀ tó wà lókè àwọn àwòrán ara aṣọ náà, ó wá bá mi pé, "Mà, kí ni kí n kọ sókè rẹ̀ ní Látìn?" A jókòó, a jọ wá a, ó sì fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́: HIC MULIER DOMUM REFICIT. Níbí ni obìnrin náà ti ń tún ilé rẹ̀ kọ́.