Áàpù tó ń ṣírò ìrìn bàálù: kìlómítà rẹ̀ péye, wákàtí rẹ̀ ni mi ò gbà

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ tiẹ̀ wọ bàálù yẹn ṣá?" Irú àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí ló kún fóònù mi nígbà tí mo tàn án ní pápákọ̀ òfurufú Haneda, ní Tokyo. London ni mo ti gbéra. Àkókò tí a máa gbéra nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó sì tẹ orúkọ pápákọ̀ méjèèjì sínú áàpù tí mo fowó ara mi rà fún un. Áàpù ní wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 48. Àkókò yẹn pé, àbúrò mi dúró títí, kò gbúròó mi. Kí n tó balẹ̀, ó ti pe ìyá wa, ìyá wa sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù náà tìbínútìbínú. Ẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn ní kí n pa fóònù, kí n tún un tàn. Mo ní fóònù kọ́ ló ń wa bàálù. Ó ní òun bá mi kẹ́dùn, ó tún ní kí n pa fóònù.

Ẹnì kejì ni mo fẹ́ yìn. Kò tiẹ̀ bẹ̀ mí. Ó ní bí ẹni fa okùn le lórí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe ń wọn ọ̀nà: ó tó kìlómítà 9,600. Wọ́n á fi 850, ìyẹn eré bàálù ní wákàtí kan, pín in, wọ́n á fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e. Àmọ́ orí Rọ́ṣíà ni okùn yẹn gbà. Láti 2022 tí ogun ti dé Ukraine, ọ̀pọ̀ bàálù Yúróòpù àti Japan kì í gba ibẹ̀ mọ́. Tiwa gba ìhà Tọ́kì, ó kọjá lórí òkun Káspíà àti Kazakhstan kó tó wọ China. Bíi wákàtí 14 ni.

"Ṣé áàpù yín mọ èyí?"

"Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ máàpù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá."

Nísàlẹ̀ pátápátá! Mo tẹ̀ ẹ́, ìbínú sì lọ. Ọ̀nà tí bàálù ń gbà gan-an ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bàálù tó máa gbé mi padà kò ní gba ọ̀nà tó gbà wá: ìhà ìlà-oòrùn náà ló tún máa forí lé, lórí òkun Pàsífíìkì, Alaska àti Greenland, títí dé London. Ọ̀nà náà gùn ju tàárà lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún, tó lè sáré ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan, ń tì í lẹ́yìn. Nígbà tí mò ń padà, ojú fèrèsé ni mo jókòó sí, mo rí Alaska. Mo yí ayé po láìyíjú padà! Ta ló fẹ́ sùn nínú irú bàálù bẹ́ẹ̀?

Ìyàtọ̀ aago London àti Tokyo, áàpù náà gbà á: wákàtí 8 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, 9 nígbà òtútù, torí Japan kì í yí aago. Síbẹ̀, títí di òní, iye wákàtí kan náà ni ojú ìwé àkọ́kọ́ ń pè fún àlọ àti àbọ̀, bí ẹni pé kò sáfẹ́fẹ́ láyé. Ìpolówó ọjà ṣì ń yọjú sí ẹni tó ti sanwó.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti san ti ọdún tó ń bọ̀.