Ọgbà Ike àbí Iná Amóoru: Èwo Ni Ká Fi Dán Ooru Wò Lórí Pápá Orí Òkè?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ooru tó ń lé sí i máa ṣe fún koríko orí òkè, ó ní láti mú apá kan pápá náà gbóná. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀.

Ọgbà ike jẹ́ ike tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, onígun mẹ́fà, tó dagun sínú, tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kò lo iná mànàmáná, ó sì ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 1 sí 2 lórí òṣùwọ̀n Celsius kún ooru. Àmọ́ ọ̀sán ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Lóru, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ó tún ń dí atẹ́gùn àti oyin lọ́wọ́, torí náà, bí èso bá dín kù, ó lè má jẹ́ ooru ló fà á. Ẹ fi wáyà dè é mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ìjì má gbé e lọ.

Iná amóoru jẹ́ ẹ̀rọ oníná mànàmáná tó ń da ooru sórí pápá látòkè. Òun ni wọ́n gbé kọ́ sókè pápá ní Gothic, ní ìpínlẹ̀ Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1991. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́. Yìnyín tètè yọ́, ilẹ̀ gbẹ, igi kúkúrú tí wọ́n ń pè ní sagebrush gbilẹ̀, àwọn ewéko olódòdó sì dín kù. Yíyọ́ yìnyín yìí gan-an ló ṣe pàtàkì jù: ìrudi òdòdó tó bá tètè yọ lè bá òtútù òru kan ṣoṣo pàdé lóṣù Kẹfà, kó dúdú, kó sì rọ. Ṣùgbọ́n owó iná máa ń pọ̀, bí iná bá sì lọ, ìdánwò dúró nìyẹn.

Bí ibẹ̀ bá jìnnà sí títì, tẹ́ ẹ sì fẹ́ dán ibi púpọ̀ wò, ẹ lo ọgbà ike. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ yìnyín tàbí ooru òru lẹ fẹ́ mọ̀, iná amóoru ni.